Ọkùnrin Tí Kò Fẹ́ Gbọ́ "Igbákejì"

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ọkùnrin náà kórìíra láyé. Kì í ṣe "ikú" o, kì í sì í ṣe "àìsàn". Ọ̀rọ̀ náà ni "igbákejì".

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin yìí mọ ohun tó rí. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ igbákejì, ọ̀gá rẹ̀ lọ sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì péré. Kí ọ̀gá náà tó dé, igbákejì ti jókòó sórí àga rẹ̀, ó ti pààrọ̀ kọ́tìnì, ó sì ti ní kí wọ́n kó bàtà inú-ilé ọ̀gá sínú páálí, kí wọ́n gbé e sẹ́nu géètì. Láti ọjọ́ náà ló ti mọ ohun tí igbákejì lè ṣe. Ó búra pé òun ò ní í ní ọ̀kan láéláé. Ọdún mẹ́jọ ló lò lórí àga yẹn láì sinmi lọ́jọ́ kan. Bó bá fẹ́ sín, ojú kan ló ń dì, kó lè máa fi èkejì ṣọ́ àga.

Iṣẹ́ iléeṣẹ́ rẹ̀ ni láti fa wáyà tí kọ̀ǹpútà àwọn ilé ìwòsàn fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, láti ìlú dé ìlú. Iṣẹ́ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n ọkùnrin wa ò fẹ́ kí wọ́n máa pe òun ní ọ̀gá bí wọ́n ṣe ń pe àwọn ọ̀gá yòókù. Ọ̀gá Àgbà Pátápátá ló ní kí wọ́n máa pe òun. Nígbà tó tún pẹ́ díẹ̀, ìyẹn náà ò tó o. Ó ní kí ẹnikẹ́ni tó bá òun sọ ohunkóhun, kó kọ́kọ́ kà á tán: Ọ̀gá Àgbà Pátápátá, Olórí Gbogbo Wáyà, Baba Ìsopọ̀, Ojú Kan Ṣoṣo Tí Ń Wo Ìlú Méjìlá. Lọ́jọ́ kan, iná mú kọ́tìnì ọ́fíìsì rẹ̀. Ẹni tó rí i bẹ̀rẹ̀ sí í pe oyè. Kó tó dé Ìlú Méjìlá, kọ́tìnì ti jó tán.

Ó ní akọ̀wé kan, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti le bí ìsàlẹ̀ bàtà. Apàtẹ́wọ́ ni gbogbo iléeṣẹ́ ń pè é. Òun ló mọ iye ìgbà tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ọ̀gá. Bí ọ̀gá bá wúkọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta. Bó bá sín, ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Bó bá sọ ọ̀rọ̀ tó nítumọ̀... ìyẹn ò tíì ṣẹlẹ̀ rí, wọn ò tíì fi iye sí i.

Bírò kan ṣoṣo ló wà lórí tábìlì ọ̀gá. Kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì rẹ̀, ẹyọ kan. Kódà, sípéà táyà tí gbogbo ayé ń gbé sínú bùútù nítorí ìṣó ojú títì, ó ní kí wọ́n yọ ọ́ jù nù. Ó ní, "Táyà mẹ́rin ni mo yàn sípò. Kí ni ìkarùn-ún yẹn ń dúró dè?"

Orí ilẹ̀ kẹrin nínú ilé alájà náà ni ọ̀gá ń gbé bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ gan-an wà ní ilẹ̀ kejì, létí fèrèsé kan tí kì í tì dáadáa. Obìnrin ni. Afàlà ni wọ́n ń pè é, torí ilà ló ń fà láti àárọ̀ dalẹ́. Ètò kan wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, àwọn tó kàwé ń pè é ní sọ́fítíwíà. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe máa yé èèyàn. Ṣé ẹ mọ̀ bí aránṣọ gidi ṣe máa ń gé pépà kó tó ti sísọ́ọ̀sì bọ aṣọ oníaṣọ? Ohun tí ètò náà ń ṣe nìyẹn. Afàlà á ya gbogbo ìlú sójú kọ̀ǹpútà, á fa wáyà láti ọ̀kan dé èkejì, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àwòrán náà lẹ́nu. Ká ní odò kún wọ ibí ńkọ́? Ká ní katakata wa wáyà tọ̀hún já ńkọ́? Ká ní gbogbo ìlú dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà ńkọ́? Ibi tó bá máa kú, ètò náà á sọ ọ́ di pupa. Ibi tó bá máa yè, á sọ ọ́ di àwọ̀ ewé. Kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́ kòtò kan ṣoṣo, o ti mọ ibi tó máa dùn ọ́.

Ìdí tí Afàlà ò fi fi iṣẹ́ náà ṣeré wà ní Ìlú Kejìlá. Ìyẹn ni ìpẹ̀kun ìlú méjèèjìlá, lódìkejì odò. Ìyá Afàlà ni agbẹ̀bí ibẹ̀. Wọ́n ti gbé ẹ̀rọ tó ń wo ọmọ inú oyún lọ fún màmá láti ọdún tó kọjá, ṣùgbọ́n dókítà tó lè túmọ̀ àwòrán rẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ, ilé ìwòsàn ńlá ló sì wà. Nítorí náà, màmá á tẹ àwòrán sórí pépà, á fi rán ọlọ́kọ̀ ojú omi, èsì á dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà mìíràn ọmọ á ti dé ṣáájú èsì. Nígbà mìíràn sì rèé, èsì á dé bá ẹkún.

Fóònù ńkọ́? Àfi kí màmá gun òkè tó wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn, kó dúró lórí àpáta, kó na ọwọ́ òsì sókè, kó tó gbọ́ ohùn èèyàn. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló ń gùn ún.

"Ìwọ ọmọ yìí, wáyà yẹn dà?"

"Mọ́mì, ó kù díẹ̀."

"Díẹ̀ yẹn ti dàgbà o. Ó ti tó fẹ́ ìyàwó."

Nígbà tí Afàlà ya àwòrán wáyà náà tán, wọ́n ní kó gbé e lọ fún ọ̀gá wò. Wọ́n tan àwòrán náà sára ògiri ní ilẹ̀ kẹrin. Ọ̀gá wò ó, ó tẹ orí sọ́tùn-ún, ó tẹ̀ ẹ́ sósì.

"Kí ni funfun tó wú bí òwú yìí?"

"Ìkùukùu ni, sà. Bí àwa tó ń ṣiṣẹ́ yìí ṣe máa ń yà á nìyẹn. Ó dúró fún ibi tí wáyà ti kúrò lọ́wọ́ wa, tó bọ́ sọ́wọ́ iléeṣẹ́ mìíràn."

"Ìkùukùu! Nínú àwòrán tèmi! Kí àwọn èèyàn lè wá sọ pé lásìkò tèmi, ojú ọjọ́ ò dáa?"

"Òtútù tiẹ̀ ti ń mú mi, Baba Ìsopọ̀!" Apàtẹ́wọ́ pa kọ́là mọ́ ọrùn.

"Yọ ọ́. Fi oòrùn síbẹ̀."

"Ṣé kí oòrùn náà ní ojú, sà?" Apàtẹ́wọ́ ló béèrè.

"Ojú ta ni?"

"Ojú tiyín ni, sà."

Ọ̀gá fọwọ́ lérán, bí ẹni tí ìrẹ̀lẹ̀ ń bá jà. "Ó dáa. Bí àwọn aráàlú bá ti tẹnu mọ́ ọn." Apàtẹ́wọ́ tẹnu mọ́ ọn. Bí àwọn aráàlú ṣe tẹnu mọ́ ọn nìyẹn.

Ọ̀gá wá wọ awò ojú rẹ̀, ó sún mọ́ ògiri. Wáyà méjì ló lọ sí ìlú kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan nípọn, ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́. Wọ́n kọ nǹkan sí ẹ̀gbẹ́ èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́. Ọ̀gá kà á: Igbákejì. Ó sún sí ìlú kejì. Igbákejì. Ó sún sí ìkẹta. Kó tó kà á dé ìkejìlá, ètè rẹ̀ ti gbẹ.

"Àwọn méjìlá!" Ohùn rẹ̀ já. "Ní ìdí mi níbí! Ta ló yàn wọ́n?"

"Sà, wáyà ni. Igbákejì wáyà. Bí ti àkọ́kọ́ bá já, èyí á gbà á."

"Á gbà á!" Ọ̀gá sáré pa dà lọ di apá àga rẹ̀ mú. "Ẹ gbọ́ o! Ó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́!"

"Wọ́n fẹ́ gbà á o!" Apàtẹ́wọ́ náà di apá àga kejì mú.

"Ẹ jẹ́ n fi hàn yín, sà." Afàlà ò jẹ́ kí inú bí òun. "Mo máa yọ igbákejì kúrò nínú àwòrán, màá wá gé wáyà kan péré tó kù fún ìlú kọ̀ọ̀kan. Ẹ wò ó."

Ó tẹ bọ́tìnnì. Ìlú méjèèjìlá pọ́n kuku bí ojú tí ata ta sí.

"Pupa?" Ọ̀gá rọra dìde. "Níwájú mi? Ta ló fún un láṣẹ?"

"Òótọ́ ló ń sọ, sà. Bó ṣe máa rí nìyẹn bí kò bá sí—"

"Ẹ̀rọ yìí ò ní ẹ̀kọ́ ilé."

Kí wọ́n tó jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ náà, ìwé ti jáde, òǹtẹ̀ ti wà lórí rẹ̀: Láti òní lọ, pupa ti di àwọ̀ ewé. Apàtẹ́wọ́ ní tirẹ̀ ò fẹ́ kí àṣẹ náà mọ sórí kọ̀ǹpútà. Ó ní kí wọ́n kun ẹ̀rọ panápaná. Wọ́n kùn ún. Nígbà tí kọ́tìnì tuntun náà gbiná, wọ́n wá ẹ̀rọ panápaná títí, ó dúró ti ògiri láàárín àwọn òdòdó inú ìkòkò, kò sẹ́ni tó dá a mọ̀.

Àṣẹ ò tíì tán. Ọ̀gá ní kí Afàlà yọ gbogbo igbákejì kúrò. Ó tún ní kí wáyà ìlú méjèèjìlá gba orí tábìlì òun kọjá, kí ìlú kọ̀ọ̀kan lè máa kí òun bó bá ń lọ.

"Sà, bí gbogbo rẹ̀ bá gba ojú kan, tí ojú kan yẹn bá já, gbogbo ìlú ló já yẹn."

"Èmi ni ojú kan yẹn. Ṣé èmi ni mo fẹ́ já?"

Wọ́n gbé bírò kan ṣoṣo náà fún Afàlà pé kó kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ àwòrán tuntun.

"Bó bá dára, èmi ni mo yà á," ni ọ̀gá wí. "Bí kò bá dára, orúkọ rẹ ló wà níbẹ̀."

Ẹnu ọ̀nà ni Afàlà dé tí ó pàdé fọ́máànù àwọn tó ń gbẹ́ kòtò. Amọ̀ wà lára bàtà rẹ̀, ó ń wá ọ̀gá kiri. Ọkùnrin yìí ò mọ oyè pè, kò sì kọ́ ọ; ó kọjá tààrà sọ́dọ̀ ọ̀gá.

"Ọ̀gá, wọ́n ní ẹ ní ká má ri wáyà kejì mọ́. A ti rì í tán o. Láti oṣù tó kọjá, bí wọ́n ṣe ń ya ìlú kọ̀ọ̀kan tán la ń rì í. Méjèèjìlá. Ẹnu rẹ̀ wà nísàlẹ̀, nínú yàrá tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí."

"Ṣé ó wà nínú àwòrán?"

"Wọ́n ní ẹ ti yọ ọ́ kúrò."

"Nígbà náà, kò sí."

Fọ́máànù họ orí. "Ó wà, sà. Èmi ni mo rì í."

"Ohun tí kò bá sí nínú àwòrán mi, kò sí láyé."

"Ó dáa. Ṣé ká hú u jáde?"

"Báwo lẹ ṣe fẹ́ hú ohun tí kò sí?" Ọ̀gá fẹ́rẹ̀ẹ́ káàánú rẹ̀. "Bí wọ́n bá rí yín níbi tí ẹ ti ń hú u, ṣé wọn ò ní í rò pé nǹkan wà níbẹ̀ ni?"

Apàtẹ́wọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé wáyà kejì kò sí, kò sí rí, ẹnikẹ́ni tó bá hú u yóò jìyà. Fọ́máànù lọ fọ bàtà rẹ̀. Ẹ fi ibí yìí sọ́kàn.

Ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ náà, màmá gun orí àpáta. Afàlà ro gbogbo rẹ̀ fún un, ó ní òun fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, orúkọ òun ò gbọdọ̀ wà lábẹ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

"Dúró ná," ni màmá wí. "Ibo ló ní kí o ti yọ wáyà kejì kúrò? Nínú ilẹ̀ àbí nínú àwòrán?"

"Nínú àwòrán ni, mà."

"Ṣé àwòrán ló máa bá mi wo inú aboyún?"

"Rárá, mà."

"Kí ló wá ń pa ọ́ lẹ́kún? Ya èyí tó fẹ́ fún un. Tọ́jú èyí tó jẹ́ òótọ́ síbi tí ojú rẹ̀ ò ní í tó. Apá ti ń ro mí, mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀."

Afàlà pa dà sídìí kọ̀ǹpútà. Ó tọ́jú àwòrán àkọ́kọ́, tòun ti ìkùukùu àti igbákejì àti pupa rẹ̀, ó sì sọ ọ́ ní "Ìgbálẹ̀". Ó mọ̀ pé kò sí ọ̀gá kankan tó máa ṣí ohun tó ń jẹ́ ìgbálẹ̀.

Ọjọ́ ìṣíde wáyà náà pé. Gbọ̀ngán tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì ọ̀gá kún fọ́fọ́. Wọ́n ta aṣọ funfun ńlá méjì sí iwájú. Lórí ti ọ̀tún, àwòrán ọ̀gá: oòrùn tó ń rẹ́rìn-ín láàárín, ìlú méjìlá yí i ká, gbogbo rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ ní àwọ̀ ewé. Lórí ti òsì, ojú àwọn èèyàn gidi: dókítà nínú ilé ìwòsàn ńlá, àti màmá ní Ìlú Kejìlá, tó ti da gẹ̀lì sí ikùn aboyún kan tó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì.

Ìyá Alága wọlé. Òun ni olórí ìgbìmọ̀ tó wà lórí ọ̀gá, obìnrin kúkúrú kan tó fa báàgì ńlá lọ́wọ́, tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé e. Ó jókòó, ó gbé báàgì lé ẹsẹ̀.

Ọ̀gá bọ́ sórí pèpéle. Ó ti bọ́ awò ojú rẹ̀ nítorí fọ́tò.

"Ẹ̀yin èèyàn mi! Kí wọ́n tó bí mi, ìlú ò mọ ìlú! Ikọ́ ń ṣe ẹni tó wà lọ́hùn-ún, ẹni tó wà níhìn-ín ò gbọ́! Mo wá dé! Mo na ọwọ́ ọ̀tún, mo na tòsì! Mo wí fún jíjìnnà pé, ìwọ jíjìnnà, sún mọ́bí! Jíjìnnà ní, bẹ́ẹ̀ ni, sà!"

Bó ṣe ń bá a lọ nìyẹn fún ìṣẹ́jú mẹ́tàdínláàádọ́ta. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Nígbà kẹta, ó dá ara rẹ̀ lóhùn pé kò tọ́pẹ́.

"Ṣé a lè rí i kó ṣiṣẹ́?" Ìyá Alága béèrè.

Dókítà ò tiẹ̀ dúró de ẹnikẹ́ni, ó ti ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. "Màmá, ẹ yí i díẹ̀ sápá òsì. Ó tó. Ẹ tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀."

Gbogbo gbọ̀ngán na ọrùn. Kò sẹ́ni tó ń wo ọ̀gá mọ́. Ẹ ò rí i pé ìyẹn ò lè ṣeé ṣe? Ọ̀gá mú sísọ́ọ̀sì ńlá tí wọ́n fi nǹkan dídán kùn.

Ẹ jẹ́ n sọ bí tábìlì náà ṣe rí. Wáyà tí ọ̀rọ̀ ìlú méjèèjìlá ń gba inú rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ìyeyè ni àwọ̀ rẹ̀. Ọ̀gá ti ní kí wọ́n gbé tábìlì òun sórí pèpéle tòun ti wáyà náà, kí gbogbo ayé lè rí i. Ó tún ní kí ríbọ́ọ̀nù tí òun máa gé jẹ́ ìyeyè, kó lè bára mu nínú fọ́tò. Ìyeyè méjì ló wá nà gbọọrọ lórí tábìlì kan, iwájú ọkùnrin tí kò wọ awò ojú. Ẹ ti mọ ibi tí mò ń lọ. Ọ̀gá nìkan ni kò mọ̀.

"Sà!" Afàlà dìde lẹ́yìn gbọ̀ngán. "Ẹ dúró, sà! Kì í ṣe ìyẹn!"

"Pe oyè!" Apàtẹ́wọ́ kígbe mọ́ ọn.

"Ọ̀gá Àgbà Pátápátá, Olórí Gbogbo Wáyà, Baba—"

Lórí aṣọ funfun, dókítà sún ojú mọ́ iwájú. "Ẹ dúró ná. Mo rí nǹkan. Màmá, ẹ má jẹ́ kí obìnrin yìí—"

Gẹ̀ẹ́.

Aṣọ òsì funfun báláú. Dókítà ò sí, màmá ò sí, aboyún ò sí. Ríbọ́ọ̀nù ṣì nà gbọọrọ lórí tábìlì, ohunkóhun ò ṣe é.

Àtẹ́wọ́ dún bí òjò. Ọ̀gá tẹrí ba, ó tún tẹ̀ ẹ́ ba.

"Ẹ má jẹ́ kí ó kí ni?" Ìyá Alága béèrè.

"Ẹ ṣé, mà. Ẹ ṣeun gan-an."

"Mo ní, kí ni dókítà ní kí wọ́n má jẹ́ kí obìnrin yẹn ṣe?"

"Mà, ẹ wo àwòrán." Ọ̀gá nawọ́ sí aṣọ ọ̀tún, níbi tí òun fúnra rẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín láàárín àwọ̀ ewé. "Gbogbo rẹ̀ ń ṣiṣẹ́."

"N ò rí dókítà mọ́."

"Ìyẹn ni pé ó ń ṣiṣẹ́ níbòmíràn, mà. Àwọ̀ ewé ò lè parọ́. Èmi ni mo pàṣẹ fún un."

Afàlà ò gbọ́ èyí. Ó ti gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ra, ó ń sáré sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ilẹ̀ kẹta, ìkejì, ìkíní, fọ́máànù ń tẹ̀ lé e tòun ti bàtà amọ̀. Wọ́n já ilẹ̀kùn yàrá ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Obìnrin tó ń fọ ilé wà níbẹ̀, ó ń jẹ búrẹ́dì.

"Ìyá, wáyà dà?"

"Wáyà wo? Òkùn tí mò ń sá àkísà sí yẹn?"

Òótọ́ ni. Láti oṣù kan, orí wáyà tí kò sí láyé ló ti ń sá àkísà ìnulẹ̀ rẹ̀, méje ló wà lórí rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

"Ẹ rọra o, wọn ò tíì gbẹ!"

Fọ́máànù kó àkísà mọ́ra. Afàlà nu ẹnu wáyà náà mọ́ ẹ̀gbẹ́ aṣọ rẹ̀, ó tì í bọ ẹ̀rọ tó wà lára ògiri, ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lórí korobá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ó wá tẹ "Ìgbálẹ̀".

Lókè, oòrùn tó ń rẹ́rìn-ín pòórá kúrò lára aṣọ ọ̀tún. Ìkùukùu pa dà sí àyè rẹ̀. Ìlú méjèèjìlá sì pọ́n kuku, fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú gbọ̀ngán náà, níwájú gbogbo èèyàn. Apàtẹ́wọ́ bo ojú ọ̀gá.

Ilà tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ. Ìlú Kìíní di àwọ̀ ewé. Ìkejì. Ìkẹta. Kò sẹ́ni tó mí. Ìkẹwàá. Ìkọkànlá. Ìkejìlá.

Dókítà ò tíì dákẹ́ láti ìgbà yẹn. Ohùn rẹ̀ ti há. "—mo ní ẹ má jẹ́ kí ó relé o! Ọmọ náà dábùú! Ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Ẹ má jẹ́ kí ó—"

Ẹ̀yìn màmá ni wọ́n rí. Ó ti bá aboyún náà nu ikùn, ó ti bá a wọ sálúbàtà, ó ń sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Màmá yíjú pa dà.

"Ìwọ! Pa dà wá síbí."

"Ẹ̀yin náà lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí n máa lọ."

"Kí wáyà tó dé nìyẹn. Jókòó. Ẹ bá mi pe ọlọ́kọ̀ ojú omi kó má lọ o! Dókítà, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín nísinsìnyí, ẹ lọ fọwọ́."

Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀ gbà. Bó bá jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ni, ẹ mọ ibi tí èsì ì bá dé bá.

Ìyá Alága gbé báàgì rẹ̀ kúrò lórí ẹsẹ̀. Ó dúró títí Afàlà fi gòkè dé, tí eruku wà ní orúnkún rẹ̀.

"Kí ni wọ́n ń pe wáyà tó gbà wá yìí?"

Obìnrin tó ń fọ ilé ló dáhùn láti ẹnu ọ̀nà, tòun ti àkísà rẹ̀.

"Igbákejì ni, mà."

Gbogbo gbọ̀ngán fa èémí. Apàtẹ́wọ́ gbé ọwọ́ sókè, kò mọ iye tí yóò pa.

"Orúkọ dáadáa ni," ni Ìyá Alága wí. "Ìwọ ọ̀gá, igbákejì tìrẹ dà?"

"N ò ní, mà!" Ọ̀gá na àyà. "Ọdún mẹ́jọ gbáko. Èmi nìkan ṣoṣo ni."

"Ìyẹn ni pé bí mo bá yọ ọ́ lónìí, kò sẹ́nì kankan tí mo ní láti tọrọ gáfárà lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó fi ẹni tó wù mí síbẹ̀."

Ọdún mẹ́jọ ni ọ̀gá ti ń ro ọ̀rọ̀ igbákejì, kò tíì rò ó dé apá ibẹ̀ rí.

"Afàlà," ni Ìyá Alága wí, "lọ jókòó sórí àga rẹ̀."

Afàlà ò fẹ́ ilẹ̀ kẹrin. Ó ní ìdí fèrèsé òun tẹ́ òun lọ́rùn, kí wọ́n ṣáà bá òun tún un ṣe. Ó ní ohun tí òun nílò ni ẹnì kan tí yóò máa jókòó ti wáyà kejì nínú yàrá ìgbálẹ̀, kó máa wo iná rẹ̀, kó sì pe òun bó bá ń ṣẹ́jú. Kò gba ìwé púpọ̀, kò gba agbára. Ẹni tó lè jókòó láì kúrò níbẹ̀ ló nílò. Ìyá Alága ní òun mọ ẹnì kan tó ti fi ọdún mẹ́jọ kọ́ ọ.

Wọ́n fún ọkùnrin wa ní káàdì ìdánimọ̀ tuntun pé kó so mọ́ ọrùn. Ẹ wá wo ohun tí wọ́n kọ sí i: IGBÁKEJÌ. Ó fi ojú ìkọ̀wé náà sí inú, àyà rẹ̀ ni ó ń kà á. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bó ṣe ní kí òun wakọ̀ lọ sílé, ìṣó gún táyà rẹ̀ níwájú géètì gan-an. Géètìmáànù ṣí bùútù, ó bojú wo inú rẹ̀, ó rọra pa á dé. Ẹsẹ̀ ni ọkùnrin wa fi rìn dé ilé.

Oṣù mélòó kan kọjá. Ọmọ tó dábùú ti ń jókòó. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, katakata àwọn tó ń ṣe títì wa wáyà àkọ́kọ́ já. Nínú yàrá ìgbálẹ̀, iná kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Ọkùnrin wa fò dìde, ó sáré gun àtẹ̀gùn, káàdì ọrùn rẹ̀ ń fò sókè sódò.

"Ó ti gbà á! Igbákejì ti gbà á!"

Afàlà pe ìyá rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ojú màmá yọ kedere.

"Mọ́mì, kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ yín?"

"Níbo? Kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Èmi àti dókítà ló ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ìwọ lo sì ń dí wa lọ́wọ́."

Inú ọkùnrin wa dùn débi pé ó tọrọ ìsinmi, àkọ́kọ́ látọdún mẹ́jọ. Afàlà béèrè pé ta ni yóò bá a wo iná. Ó ní kí wọ́n má dààmú, òun ti wá igbákejì fún ara òun, ẹni tí kò jẹ́ já òun kulẹ̀. Apàtẹ́wọ́ ni.

Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló lò. Nígbà tó dé, kọ́tìnì tuntun ti wà lójú fèrèsé yàrá ìgbálẹ̀, Apàtẹ́wọ́ sì ti jókòó ti iná, ó na ẹsẹ̀, ó ti ní kí obìnrin tó ń fọ ilé máa kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn kó tó wá mú korobá.

Géètìmáànù ló pe ọkùnrin wa pa dà. Bàtà inú-ilé rẹ̀ ló wà nínú páálí tó gbé lé e lọ́wọ́.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Páálí ọ̀gá yín àtijọ́ ṣì wà lọ́wọ́ mi o, kò wá gbé e. Tiyín ni igbákejì."